Kànga Màmá Nínú Ìwé Yín

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó tuntun ló ń kọ̀wé yìí. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ mi ń kẹ́ mi bí ẹyin. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń di ìwé ìwádìí fún yunifásítì, èmi ni mò ń bá a po gọ́ọ̀mù. Kí ni wọn kì í wádìí? Oyin, afẹ́fẹ́ inú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, títí dórí àga tí kì í dunni lẹ́yìn. Mo máa ń kà wọ́n sókè, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo kan tiyín. Àwọn èèyàn ti kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já, ni yunifásítì bá gbé e wá kí a tún un dì. Mo rí fọ́tò kànga Màmá àti korobá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé òjé wà nínú omi náà, pé kò ṣeé mu. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá nínú ìwé tí kò lè kà, òun sì ń mu omi náà lọ. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti lọ ti kànga pa. Màmá ní, "Ta ló sọ pé omi mi ò dáa?" Mo ní ìwé kan ni. N kò sọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ fẹnu yín sọ fún un. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìmọ̀ yín máa délé.

Ọkọ mi kí yín. Ó ti lẹ ẹ̀yìn ìwé yín; kò ní já mọ́.

Àbúrò yín,
Ìyàwó Adìwé