Ojú Kámẹ́rà Inú Agolo Bísíkíìtì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Mo ṣẹ ọkùnrin kan ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà: mo gba ojú kámẹ́rà ayàwòrán kan nítorí owó orí. Lẹ́tà dé láti olú ọ́fíìsì pé kí n dá a padà. N kò dá a padà.

Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú agolo bísíkíìtì, lẹ́yìn àwọn ìwé òfin tí n kò ṣí mọ́. Lẹ́tà náà wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òní? Ọ̀túnla ni àwọn méjì tó ń du ipò olórí ìjọba máa kojú ara wọn lórí tẹlifíṣàn, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ owó orí ni yóò gba iwájú. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa ní tẹlifíṣàn ńlá. Ó ní kí n wá wò ó lọ́dọ̀ òun. "Bàbá Owó Orí, ẹ̀yin lẹ máa túmọ̀ ẹ̀ fún wa o." Orúkọ tí àdúgbò ń pè mí nìyẹn, nítorí agbowó orí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Bàbá Onídìrí yìí gan-an ni mo gba ojú kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo gbé agolo náà sọ̀kalẹ̀. Mo nù ún. Mo gbé e padà sókè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn obìnrin méjì jókòó sábẹ́ dráyà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wo ẹnu tó ń mì. Òmíràn jókòó níwájú dígí — ìdajì orí rẹ̀ ti di dídì, ìdajì kejì dúró ṣánṣán bí ẹni tó rí ejò. Mẹkáníìkì fìdí ti ògiri, ó kọ àga nítorí epo ara aṣọ rẹ̀. Fọ́tò, bàbá Onídìrí, dé kẹ́yìn nínú kákí rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnubodè ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣọ́ báyìí. Fọ́tò ni gbogbo ayé ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti ya ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà rẹ̀ wà lókè dígí, ọmọ rẹ̀ fi okùn rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó. Níbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà, ihò ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje. Ọkùnrin tó wọ gíláàsì, Onígíláàsì ni màá pè é, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: oníṣòwò kékeré àti ńlá, iye kan náà lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá san, ìjọba yóò gba irinṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi san. Obìnrin tó ń bá a du ipò — tíṣà ni tẹ́lẹ̀, Tíṣà náà ni mo pè é níhìn-ín — ní ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò ní san kọ́bọ̀, àwọn onílé ńláńlá àti onílẹ̀ rẹpẹtẹ ni yóò gbé e. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu lásán ni wọ́n máa fi kọ́ ilé ìwòsàn ni? Tíṣà dá a lóhùn pé bẹ́ ẹ bá gba ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, kí ni yóò fi ṣiṣẹ́ tí yóò fi rówó san fún yín?

Mẹkáníìkì kò gbà. "Onígíláàsì ló sọ̀rọ̀ gidi! Èmi ń san, aládùúgbò mi ò san, ọ̀nà kan náà la jọ ń tọ̀."

Onídajì-irun yí orí padà, kóòmù ṣì wà nínú rẹ̀. "Ìwọ ta ni? Ìgbà wo lo san rí? Sípánà ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó lọ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì bínú, ó kọjú sí mi. "Ó dáa, ẹ bi Bàbá Owó Orí. Nígbà tiwọn, ṣebí irinṣẹ́ ni wọ́n ń gbà? Ṣebí àwọn èèyàn ń san? Ẹni tí ò jẹ gbèsè, ta ló máa fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló rántí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dákẹ́. Ẹyin ọ̀rọ̀ ti fọ́. Ọwọ́ Onídìrí dúró lórí irun.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ló tú wa sílẹ̀. Ó ní kó má dákẹ́ nítorí òun, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọ́n gba tòun. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i.

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Òfin ìgbà náà le." Ó tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Mo lọ sílé kí wọ́n tó parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, láìbu iyọ̀ sí i.

A kì í ru irinṣẹ́ lọ nígbà náà. A ò ní ọkọ̀. Ohun kékeré kan ṣoṣo tí irinṣẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí rẹ̀ ni à ń mú: abẹ ìfági káfíńtà, abẹ́rẹ́ àti ilé òwú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Mú ẹ̀mí rẹ̀, fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún un." A ó fi sínú àpòòwé, a ó kọ orúkọ sí i, a ó máa lọ.

Fọ́tò ní òun ti san. Ó mú rìsíìtì jáde. Mo ní ìwé wa kò sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gba rìsíìtì náà sínú fáìlì. Ayàwòrán méjì ló wà ní òpópónà yẹn, akọ̀wé wa sì ti kọ ìsanwó tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹnìkejì — ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ nígbà náà. Títí débẹ̀, àṣìṣe ni. Èyí tó kù ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ọkọ àti ìyàwó tuntun wà ní sítúdíò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de fọ́tò. Mo ń tú ojú kámẹ́rà níṣojú wọn. Ló bá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dúró kí n kọ́kọ́ yà yín, káwọn ọmọ yín lè mọ irú iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ abẹ́ mi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé kó kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí. Ó wá bẹ̀ mí. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta, ó gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nítorí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá. Mo ní fáìlì rẹ̀ ṣì wà lókè, kó ní sùúrù. Èmi ni òkè. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni lẹ́tà náà wà, orúnkún mi ń kan dúrọ́ọ̀ náà bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sí ìlú mìíràn. Mo di ojú kámẹ́rà àti lẹ́tà náà mọ́ ẹrù mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà síbí, ìtìjú ti ga ju ìbínú lọ.

Ìyàwó Fọ́tò ti kú. Ó sọ fún ìyàwó mi nígbà kan pé ọkọ òun parọ́, pé ó ná owó orí náà síbòmíràn, kò kàn lè jẹ́wọ́ ni. Ìyàwó mi ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi lórí oúnjẹ. Mo gbé omi mu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún Adájọ́. (Ìyàwó mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́, màá jẹ́jọ́.)

Ó ká lẹ́tà náà sórí itan, ó kà á dópin, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Mo rò pé ó máa pariwo. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ sókè.

"Bàbá wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé orí mi fún ọmọ ọkùnrin yìí dì. Kì í gbowó kíkún lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyá òun ni mí."

Mo ní màá dá a padà. Màá lọ bá a ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ní jẹ́ẹ́jẹ́ kẹ̀? Ṣé ní jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ gbà á?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Àdúgbò ti pín sí méjì. Mẹkáníìkì lẹ àwòrán Onígíláàsì mọ́ géètì rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹnì kan ti fi èédú ya irùngbọ̀n sí i. Ó fura sí Onídajì-irun. Ó ní òun máa sanwó fún mi bí mo bá lè fi òfin mú un. Níbi gbogbo tí mo bá yà, wọn á ní, "Bàbá Owó Orí, ta ni ká dìbò fún?" Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ohun tó ń ká mi lára nìyẹn.

Adájọ́ wé gèlè lọ síbi tó ń lọ. Kò yà ní ṣọ́ọ̀bù Onídìrí. Ó ní ojú ń ti òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ṣe ojo. Mo gbé agolo sínú báàgì, mo lọ bá Fọ́tò lẹ́nubodè ilé ẹ̀kọ́ pé kí n fún un níbẹ̀, kó parí sáàárín àwa méjèèjì. Ó ti ń kí mi láti òkèèrè, ó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì fún mi.

Kàkà kí n sọ̀rọ̀, mo bi í ta ni yóò dìbò fún.

Ó ní Tíṣà. "Ṣùgbọ́n mi ò lè dá sí àríyànjiyàn wọn, Ọ̀gá. Bí mo bá la ẹnu lórí owó orí, ẹnì kan á wẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Ajẹgbèsè kì í túmọ̀ òfin."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ ni.

Mo wò ó. Bí mo bá fún un ní kọ̀rọ̀, ajẹgbèsè náà ni yóò ṣì jẹ́ lójú gbogbo wọn, èmi ni Bàbá Owó Orí. Adájọ́ ló jàre. Mo gbé báàgì mi, mo dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Adájọ́ yẹ báàgì wò, ó rí agolo. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. Ì bá kúkú pariwo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti pinnu. Mo sọdá lọ bá Onídìrí, mo ní kó bá mi pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àríyànjiyàn, lọ́la, agogo márùn-ún. Kí bàbá rẹ̀ má ṣe ṣàìwá.

Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ fẹ́ sọ ẹni tá a máa dìbò fún! Ẹ ò bá ti sọ ọ́ ṣáájú, Bàbá."

Mo ní ọ̀rọ̀ owó orí ni mo fẹ́ sọ.

Mo lọ agbádá mi, mo wọ̀ ọ́ wò. Mo tún bọ́ ọ sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán tó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo wọn wá. Mẹkáníìkì tilẹ̀ wẹ̀. Onídajì-irun ti di odindi. Adájọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ́tò, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí itan. Ọ̀la la máa dìbò. Mo ní kí wọ́n pa tẹlifíṣàn.

Mo dúró, mo ka lẹ́tà náà: "Ayàwòrán yìí ti san owó orí rẹ̀ pé. Àṣìṣe ọ́fíìsì ni. Kí ẹ dá irinṣẹ́ rẹ̀ padà lónìí, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ wa." Mo ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo sọ orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí: èmi. Mo sọ ti dúrọ́ọ̀. Mo sọ ti ẹ̀ẹ̀mẹta, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Onídìrí jókòó sórí àga oníbàárà. "Màámi kú sórí pé irọ́ ni Bàbá mi ń pa," ló ń wí. "Màámi kú sórí ẹ̀."

Mo ti rò pé Fọ́tò á dìde kúrò níbẹ̀. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà.

Mẹkáníìkì ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹni tí ò jẹ gbèsè…" Kò parí rẹ̀. Fọ́tò sọ fún un pé kó lọ dìbò fún ẹni tó wù ú lọ́la, òun ò ní bá a jà. Kó kàn rántí pé òun ti san.

Orúnkún mi ti gan. Mo ń gbìyànjú àtikúnlẹ̀, mo di àga mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀," Fọ́tò wí. "Ẹ dúró, Ọ̀gá. Ẹ dúró kí n rí yín."

Mo dúró. Ó wò mí, ó pẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò bi í.

Onídìrí ti gun àga. Ó ń tú okùn kámẹ́rà kúrò lórí ìṣó.

Mo mú agolo jáde nínú báàgì mi, mo ṣí i. Àpòòwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní ìkọ̀wé èmi fúnra mi. Mo ya á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú kámẹ́rà náà lé e lọ́wọ́.