Ilẹ̀kùn Tó Ń Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Onílé Síta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣé ara le? Ṣé àwọn aláìsàn tí o ń gbé sókè gbé sísàlẹ̀ níbẹ̀ kò tíì kán ọ lẹ́yìn? Ọlọ́run tó sìn ọ́ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa náà wà bí o ṣe fi wá sílẹ̀. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, mo ti kàn án padà. Ajá rẹ ti di bàbá ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín pé mo pè ọ́ ní ọmọ mi, torí ìdí àga kan náà la ti jọ kọ́ ìrìn, díẹ̀ báyìí ni mo sì fi jù ọ́ lọ. Má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ ti kú ni ẹbí ti ní èmi ni bàbá rẹ, kò sì tíì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ bàbá ni mo fẹ́ sọ. Mo kọ lẹ́tà, n kò pè ọ́, torí lórí fóònù o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi, lẹ́tà kò sì ṣeé já lù. Tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa ní òun yóò fi fóònù òun ya ìwé yìí ní fọ́tò, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti ra sítáńbù tí yóò bá fọ́tò náà lọ.

Nígbà tí o pè pé o ń bọ̀ wá bá wa dúró ti iṣẹ́ abẹ ojú Ìyá àgbà, inú mi dùn débi pé mo fi òòlù lu ìka ara mi. Àfi bí o ṣe tún ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn àlejò nílẹ̀ tí o wà kò tíì fún ọ ní ìwé àtipadà, pé bí o bá kúrò nílẹ̀ wọn láìgbà á, físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n fún ọ yóò kú bí o bá ṣe ń jáde. O wá ní kó kú, pé o ń bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Háà, ọmọ mi! Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe káfíńtà, n kò tíì kan ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ mọ́ onílé síta. Ènìyàn kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ní kí òun lọ wo ìyá àgbà òun, kó tó yíjú padà wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́? Nídìí ẹ̀rọ omi wa níbí, o lè gbé bákẹ́ẹ̀tì rẹ kalẹ̀ kí o lọ jẹun nílé, ẹni tó bá sún un yóò gbọ́ èébú yó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi fìlà rẹ kọ́ ojú fèrèsé, kí o jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá, wọn á ṣe bí ẹni pé o wà nílé. O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. O ní ẹ̀rọ ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá jáde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo bi ọ́ pé ta la máa ń bẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bá ṣì í ṣe, o ní wọn kì í bẹ̀ ẹ́.

Èmi kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n jókòó. Mo ti ẹnu iṣẹ́ wọkọ̀, ó di ẹ́ńbásì ilẹ̀ tí o wà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé ìlú wo ni mò ń lọ, mo ní n kò lọ síbì kankan, mo wá ṣe onídùúró ni. Ó tú àpò mi, ó to òòlù, ìṣó àti ayùn sórí tábìlì bí ẹrù olè, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó wá fi ayùn gba físà rí.

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Mo ti ẹnu bọ ihò tó wà lára rẹ̀, mo pariwo ọ̀rọ̀ mi, ó ní kí n rọra, òun ń gbọ́. Mo ní kí wọ́n mú èmi dípò rẹ. Màá lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, màá máa bá ọ gbé àwọn aláìsàn, tí o bá padà kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọ, mo ní èmi ni bàbá rẹ. Ó wo fọ́tò rẹ tí mo mú dání, ó wo ojú mi, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ nígbà tí mo bí ọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí wọ́n yára dá bàbá àgbàlagbà yìí lóhùn, kó má baà kú sórí ìlà.

Obìnrin náà kò fi mí ṣẹ̀sín ṣá o. Ó ní físà kì í ṣe àga tí ẹlòmíràn lè bá ènìyàn jókòó lé. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí o má jáde. Kí o ṣáà gba ìwé àtipadà kí o tó gbéra, kí o mú un dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù rẹ, kí o sì padà kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i tó pé, o máa bá físà rẹ láàyè. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde láìní in, wàá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí. Mo ní pẹ̀lú gbogbo àwọn aláìsàn tí o ti wẹ̀? Ó ní pẹ̀lú wọn.

Mo gba ibẹ̀ kọjá sílé ìwòsàn ojú. Dókítà ní awọ funfun tó bo ojú Ìyá àgbà kì í ṣe iná tó ń jólé, pé iṣẹ́ abẹ náà lè dúró dìgbà díẹ̀ sí i, ojú náà kò ní bàjẹ́, kìkì pé wọn á ṣì máa rí gbogbo nǹkan bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ìyẹn ló dùn mí. O mọ̀ pé wọ́n ti ní ojú rẹ ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí tí wọ́n bá tú báńdéèjì. Wọ́n ní tèmi, àwọn ti rí i tó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n fa àwọn lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ wá ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n wá ní:

“Sọ fún un kó dúró gba ìwé rẹ̀. Òkùnkùn yìí, èmi àti ẹ̀ ti mọra. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn ọmọ mi tì nítorí ojú mi.”

Mo ní ṣé wọ́n lè dúró lóòótọ́. Wọ́n ní ó tilẹ̀ sàn bẹ́ẹ̀, pé àìrí ohun tí mò ń sè ló jẹ́ kí àwọn máa rí i jẹ.

Nítorí náà, má wá. Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìwé bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o pè, kí dókítà mú ọjọ́ tuntun. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ tí a ó fi gbé Ìyá àgbà lọ sílé ìwòsàn ránṣẹ́, kí o fi ti ayùn lé e, torí ìyàlẹ́nu kò jẹ́ kí n rántí gba tèmi lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ìyá àgbà ní kí o fá irùngbọ̀n rẹ kí o tó dé, àwọn fẹ́ mọ ẹni tí àwọn ń wò.

Ibi tí o bá ti jáde, wàá bá a ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ tí wọn kì í bẹ̀ kò ní kọ orúkọ rẹ sí ibi. Ní ti ilẹ̀kùn ilé wa, èmi ni mo kàn án, n kò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré