Mo Ti Kan Fèrèsé Yẹn Pa

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ọmọ bàbá ẹ,

Kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi láàárọ̀ yìí, mo wo fíìmù oníjó tó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fo fèrèsé lọ jó. Èébú ni mo fẹ́ bú ẹ, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe dìde ṣáájú mi! Mo yí po nígbà ẹgbẹ̀rún, àdúgbò mì tìtì, ni mo bá já lu àga ìyá ẹ. Ó fọ́ yángá. Tó bá bi ẹ́, o ò mọ nǹkan kan o.

Mo ti kan fèrèsé yẹn pa, torí bí àpò sìmẹ́ńtì lo ṣe ń já bọ́ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló wà lórí ìwé yìí. Lọ́jọ́ ìdíje ijó yín ní Sátidé, ẹnu ọ̀nà ni kó o gbà, kó o sì dúró dè mí.

Bàbá ẹ, tí ìbàdí ń ro.