Irin Kẹ̀kẹ́ Bàbá Tí Mo Gé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá ti yá, a sì ti tún òrùlé ṣe.

Kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá ti dé. Ti àtijọ́, a kàn ń tú nọ́ọ̀tì kan ni, ká fa ọwọ́ rẹ̀ sókè. Tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí irin ọrùn rẹ̀ bá ga dé ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ. Èmi tí mo ń pe ara mi ní mẹkáníìkì, mo gé irin náà kó lè dùn ún wò, kí Bàbá tó gùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ jù fún Bàbá. Irin gígé kì í hù padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fọ́ọ̀kì iwájú, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú tó sì gùn dé ọrùn, tí wọn ò tíì gé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́nà gbogbo. Àmọ́ ẹ tètè ṣe é o: Bàbá ń sọ kiri pé ogbó ló tẹ ẹ̀yìn àwọn, mo sì ń dákẹ́.

Àbúrò yín