Asẹ́ Ọbẹ̀dò àti Wáyà Bàbà

Èmi, Akíntáyọ̀ Àkànní Èṣùbíyì, ọmọ bíbí Ìkirè, tí mo ti ń gbé ìlú Benin láti ọdún 1979, tí mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n so wáyà tẹlifóònù mọ́ òpó kí n tó fẹ̀yìntì, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní arúgbó ti ń ṣarán, kó lọ bi dókítà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi kọ ọ́.

1. Amòfin Ṣèyíọlá Títíloyè àti Alàgbà Ọpẹ́yẹmí Adémọ́lá, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń gun òpó, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Amòfin kà á. Ẹkún kì í jẹ́ kí ẹ ka nǹkan parí.

2. Ilé mi ní Ugbowo, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú kànga ẹ̀yìnkùlé, di ti ọmọ mi obìnrin, Motọ́lání, tó wà ní Ìbàdàn. Akínwùmí, ọmọkùnrin mi, má fajú ro. Ìdí rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí kẹrin.

3. Ilẹ̀ mi ní Ekiadolor di ti Akínwùmí, pẹ̀lú ewúrẹ́ márùn-ún tó wà níbẹ̀. Òbúkọ dúdú yẹn burú, kò sẹ́ni tí kì í kàn. Kí wọ́n pa á jẹ níbi òkú mi. Àkàbà mi àti gbogbo irinṣẹ́ mi di ti Alàgbà Adémọ́lá. Ẹ̀mú onírọ́bà pupa tó ní mo jí lọ́dún 1988 wà nínú wọn. Òótọ́ ni, èmi ni mo mú un.

4. Àpótí onígíláàsì tí ẹja òkun wà nínú rẹ̀ ní pálọ̀, àti asẹ́ ọbẹ̀dò tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sí i, di ti Akínwùmí. Ẹ ní sùúrù fún mi níbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ìyàwó mi, Èyímofẹ́, ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún 2013, ó ní òkun ni ojú òun ń wá. N kò lè gbé e débẹ̀. Ni mo bá ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa fi kẹ́ẹ̀gì bu omi òkun ránṣẹ́, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ àti edé. Kò pé oṣù kan tí ọbẹ̀dò fi bo gíláàsì, kò rí ẹja mọ́.

Mo ra nẹ́ẹ̀tì oníke ní Ọjà Ọba, mo fi ayùn ha á kí ara rẹ̀ rí págunpàgun, kí ọbẹ̀dò lè rí i dì mú. Mo la ojú gbọọrọ sí abẹ́ páìpù, mo so nẹ́ẹ̀tì rọ̀ síbẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo tan gílóòbù iná sí i kí ọbẹ̀dò lè hù. Omi àpótí á gba páìpù, á máa ṣàn wálẹ̀ lára nẹ́ẹ̀tì, á sì padà sínú àpótí. Ibẹ̀ ni ọbẹ̀dò á hù sí, á jẹ ìdọ̀tí omi tán, kò ní hù sínú àpótí mọ́. Ní gbogbo Sátidé, ẹnì kan á ha á dànù. Motọ́lání ló ń ha á. Ìyá rẹ̀ á dùbúlẹ̀, á máa wo ẹja rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹta ọdún 2014, okùn tó di nẹ́ẹ̀tì mú já. Mo fi wáyà bàbà rọ́pò rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé bàbà kì í dípẹtà bí irin? Òun ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi, kò já mi kulẹ̀ rí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Motọ́lání ha asẹ́ bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, gbogbo edé ti kú, ẹja sì tẹ̀ lé wọn. Mo ní ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀, Pidgin tó bá dàgbà nílùú yìí ló fi ń bẹ̀ mí: “Daddy, I swear, na only water I take wash am.” N kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún tí ẹja kú, ìyá rẹ̀ kú. Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá, níwájú gbogbo ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn, mo nawọ́ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún náà, mo ní òun ló pa ẹja, òun náà ló pa ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́dún 2017, mo kó wáyà àlòkù lọ fún alágbẹ̀dẹ bàbà kan ní Igun, èyí tó wà lára asẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó bò ó, ó bi mí pé inú omi iyọ̀ wo ni mo kó o sí. Ó ní iyọ̀ máa ń jẹ bàbà, pé májèlé ni nǹkan yẹn, ìgbín pàápàá kì í gorí rẹ̀. Mo délé, mo ki wáyà náà bọ abọ́ omi òkun, mo kó edé sí i. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú. Yéè! Èmi ni mo pa wọ́n.

Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti mọ̀. Mo tún asẹ́ náà ṣe, okùn ìpẹja ni mo fi dì í, ẹja méje ló wà níbẹ̀ báyìí, ara wọn le. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pe Motọ́lání láti sọ ọ́ fún un. Bó bá ti gbé e, màá béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Á ní ó ń rọ̀, sà. Sà! Èmi tó ń pè ní Daddy tẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí, ó ń tì mí títí dòní.

Ìdí nìyí tí n kò fi fi asẹ́ náà sílẹ̀ fún un. A kì í fi pàṣán tí a fi na ọmọ ta á lọ́rẹ. Akínwùmí, o gbè mí lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, o tún fi tìrẹ kún un. Máa ha á ní gbogbo Sátidé.

5. Orúkọ rere Motọ́lání kì í ṣe tèmi tí mo fi lè há a fún ẹnikẹ́ni. Mo dá a padà fún un ni. Kí Amòfin ka ìsọ̀rí kẹrin ní ìpàdé Ẹgbẹ́ kí ó tó kan ilé àti ilẹ̀, kí ó kà á sókè, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ́. Gbangba ni mo ti bà á jẹ́, wọn kò gbọdọ̀ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

6. Bí Motọ́lání bá ní òun kò wá sìnkú mi, kí ẹnikẹ́ni má rán àgbààgbà sí i, kí ẹ má sì dúró dè é. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ bíi gbogbo ọmọ. Èmi ni mo gbá a lọ́wọ́, tí yẹ̀pẹ̀ náà dà sílẹ̀. Ẹ bò mí, kí ẹ máa lọ ilé.

Mo fọwọ́ sí i ní ìlú Benin, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

A. À. Èṣùbíyì

Àwọn tó rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Ayọ̀mikún Akínyẹlé, nọ́ọ̀sì
Morọ́láyọ̀ Àkàndé, olùkọ́