Mo Ti Páàkì

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti páàkì sílé tuntun. Mo ti páàkì, Màmá, irọ́ kọ́. Ẹ̀yìn ìsọ̀ alápatà ni mo ti ríbi gbé mọ́tò sí fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, ọ̀bùn pọ̀ láyé! Ẹ̀jẹ̀ àti omi ìfun ni wọ́n ń dà sábẹ́ táyà mi, eṣinṣin ò jẹ́ kí n ṣí fèrèsé sùn. Ẹni tó ni àgbàlá náà ní omi tí ò yọ ni ò jẹ́ kóun fọ ibẹ̀. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́! Àárọ̀ yìí ló tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, tó wá ń kan gíláàsì: "Mọ́tò ni mo gbà síbí o, n ò gbàlejò!" Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́nu mi.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹ bá mi kí Bàbá. Àbúrò mi tó fẹ́ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ẹ ní kó ṣe sùúrù ná: ìjókòó iwájú ò ṣeé nà gbalaja sí.

Èmi ọmọ yín.