Ọwọ́ Tí Mo Fi Wọ́ Ẹsẹ̀ Yín

Bàbá mi, ọkọ Màámi,

Ara mi ò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín ní àdúgbò Nombakélé ni mo jókòó sí, lórí àga yín, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti lọ, n ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ má tíì bínú.

Màámi ṣàìsàn. Ibà ló kọ́kọ́ dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ibà lọ, ẹsẹ̀ òsì wọn wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbóná, ó sì ń ro wọ́n. Ẹsẹ̀ òsì, Bàbá! Bí tiyín gẹ́lẹ́. N ò dúró gbọ́ àlàyé kankan, mo gbé wọn sínú takisí, ó di ọsibítù.

Ẹ ṣá mọ Màámi, Faransé ọjà nìkan ni wọ́n gbọ́. Èmi ni mò ń túmọ̀, bí mo ti ń ṣe láti kékeré ní gbogbo ọ́fíìsì ìlú yìí. Dókítà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ya àwòrán sórí ìwé. Ó ní ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ń tì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àtisọ̀kalẹ̀ ò le, àtigòkè padà ni iṣẹ́, torí agbára tí ọkàn fi tì í ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó débẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá a tì í sókè nígbàkígbà tí a bá gbẹ́sẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà nínú iṣan tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ náà á dúró, á dì bí ẹ̀kọ tó tutù. Bí èyí tó dì bá já, á gba inú ọkàn kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, á dí ibẹ̀, èémí á sì pin.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Dókítà wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ó ń na ìka sí mi: a ò gbọdọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ náà, a ò gbọdọ̀ fi òrí ra á, a ò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ lè já ẹ̀jẹ̀ tó dì náà sílẹ̀.

Èyí ni n ò túmọ̀.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ yín wú yẹn? Ẹ na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ẹ di ojú, mo fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ dáadáa, ẹ sì ń pè mí ní ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ṣàdédé di ọrùn ọwọ́ mi mú, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ ń dúpẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kí n dáwọ́ dúró? Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ dìde láti ṣe àlùwàlá, ẹ di àyà mú, ó parí. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín jẹ́ èyí tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ yín kì í dúró. Èmi ni mo ra èyí tó ń lo iná fún yín, kí ẹ lè sinmi. Háà, ẹ wo oore tí mo ṣe!

Ẹ̀rù ló dí mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ọwọ́ mi ni Màámi máa kọ́kọ́ wò. Mo bá gbé e mì, mo ní màá máa ṣọ́ wọn fúnra mi. Ìwà òmùgọ̀ gbáà.

Ọjọ́ kejì tí a kúrò lọ́sibítù, mo sáré lọ fún oníbàárà kan láṣọ. Bí mo ṣe padà dé ilé wa ní Plaine Orety, òórùn òrí ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa, ti jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ Màámi wà lórí itan wọn, òrí ń dán ní àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Igbe tí mo ké yẹn, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Mo fò lé wọn lọ́wọ́, àwo omi dànù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Màámi fìbínú bi mí bóyá orí mi ti dàrú. Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ sínú omi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, Yorùbá ń já, Faransé ń dí i. Ìyá Ráfíù rọra nu ọwọ́, wọ́n yọ́ jáde.

Mò ń retí èpè láti ẹnu Màámi. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ ara wọn sókè, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n wá ní láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, kí n tó jí, ẹ jí àwọn pé ẹsẹ̀ ń ro yín. Àwọn náà fi òrí wọ́ ọ, àwọn wọ́ ọ gan-an, títí ẹ fi ní ó ti rọ̀. Òrí ò tíì gbẹ lọ́wọ́ wọn tí ẹ fi ṣubú.

Bàbá, a sunkún. A sunkún ju ọjọ́ tí a sin yín lọ.

Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, mo bi í bóyá ọwọ́ wa ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀, ó lè já fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, n ò fi ọ̀kan pamọ́.

Wíwú ẹsẹ̀ Màámi ti ń lọ sílẹ̀. Lójoojúmọ́ a máa ń rìn dé ìkóríta, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè. Síbẹ̀, bí wọ́n bá wúkọ́ báyìí, màá sáré lọ wò wọ́n. Lánàá, wọ́n gbé agolo òrí fún mi, wọ́n ní kí n wọ́ èjìká àwọn. N ò lè gbé ọwọ́ mi lé wọn. Wọ́n bá di ọrùn ọwọ́ mi mú, bí ẹ ti ṣe gan-an, wọ́n sì fà á mọ́ra.

Bàbá, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ náà nìyẹn?

Èmi ni, ọmọ tí ẹ pè ní ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀.